Omi Aláwọ̀ Ewé: Ewu Tí Sísè Kò Lè Mú Kúrò

Ní Ifangni, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ omi a di ọ̀rọ̀ àárọ̀ àti alẹ́. Níbi tí ẹ̀rọ omi bá wà tí ó sì ń ṣiṣẹ́, àwọn obìnrin àti ọmọdé a tò pẹ̀lú garawa àti abọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, tàbí bí owó bá ṣọ̀wọ́n, ẹlòmíràn a rántí ọ̀gọ̀dọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ oko, níbi tí omi ti dúró láti ìgbà òjò.

Nígbà mìíràn, omi bẹ́ẹ̀ a ní ohun kan lójú. A dà bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà aláwọ̀ ewé sí i. Ẹni tó fẹ́ pọnmi a fi igbá tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, a bu omi tó wà lábẹ́ rẹ̀, a gbé e relé, a sì gbé e kaná. Èrò rẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá wà nínú omi náà, iná yóò pa á.

Èrò náà kò burú. Ó ti pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń kọ́ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n se omi kí wọ́n tó mu ún, òtítọ́ sì ni ẹ̀kọ́ náà. Iná ń pa kòkòrò onígbáméjì. Iná ń pa kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú ojú omi dà bí ọ̀dà yìí yàtọ̀. Iná lè pa ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pa májèlé tó wà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ewu fún ọmọ rẹ̀ nínú ife.

Kí ni ohun tó ń léfòó náà?

Kì í ṣe ojú oró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà. Àwọn wọ̀nyẹn ní ewé àti gbòǹgbò tí ọwọ́ lè dì mú. Kì í sì í ṣe koríko olódòdó tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà Nokoué. Ẹ̀dá kan ni, tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ìgbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn bá kóra jọ ni ojú tó ń rí àwọ̀ wọn. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní sìyánóbàkítéríà. Láti inú èdè Gíríìkì ni apá kìíní orúkọ náà ti wá, ó sì ń tọ́ka sí àwọ̀ tó dúdú bí aró.

Ẹ̀dá yìí ti wà láyé ṣáájú igi, ṣáájú ẹja, ṣáájú ènìyàn. Ó ti lé ní bílíọ̀nù ọdún méjì tó ti wà. Ó ń fi ìtànṣán oòrùn ṣe oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí ewé ti ń ṣe. Òun ni ó kọ́kọ́ tú ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn àti ẹran ń mí, sínú ayé. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀tá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ó wà nínú odò, nínú ọ̀sà, nínú òkun àti lórí ilẹ̀ tútù. Níbi púpọ̀, ó kéré débi pé kò sí ẹni tó ń kíyè sí i.

Ìgbà tí ó bá pọ̀ lápọ̀jù ni ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni ó ń fẹ́: ooru, omi tó dúró sójú kan, àti oúnjẹ. Bí ó bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó lè bo ojú omi láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn oríṣi kan nínú rẹ̀ ní àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké nínú ara. Àpò yìí ni ó ń jẹ́ kí wọ́n léfòó sókè lọ bá oòrùn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, a kó wọn jọ sí etí omi. Etí omi náà ni ènìyàn ti ń pọnmi, ibẹ̀ ni ewúrẹ́ ti ń mu, ibẹ̀ ni ọmọdé sì ti ń ṣeré. Èyí já sí pé ibi tí ó rọrùn jù lọ láti dé ni ewu ti ń pọ̀ jù lọ.

Ta ni ó ń bọ́ ọ?

Nínú nǹkan mẹ́ta tí ẹ̀dá yìí ń fẹ́, Ọlọ́run ni ó ni ooru. Ilẹ̀ tó rì ni ó ń dá omi dúró. Ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀, ènìyàn ni ó sábà máa ń gbé e fún un.

Ẹni tó ti mọ̀wé kà lè fi ojú ara rẹ̀ rí orúkọ oúnjẹ náà. Kí ó wo ara àpò ajílẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń tà lọ́jà. Lẹ́tà mẹ́ta ni a tẹ̀ sí i: N, P àti K. N dúró fún náítírójìn, èyí tí èdè Faransé ń pè ní azote. P dúró fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Àwọn méjèèjì ń mú àgbàdo yọ ọmọ. Àwọn méjèèjì yìí kan náà ni ó ń mú sìyánóbàkítéríà pọ̀ sí i. Ajílẹ̀ tó ṣe oore nínú oko a máa ṣe ibi nínú omi.

Ní gúúsù Benin, ìgbà òjò méjì ni ó wà nínú ọdún. Èyí tó gùn bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹrin títí dé oṣù keje. Èyí tó kúrú wà láàárín oṣù kẹsàn-án àti oṣù kọkànlá. Bí àgbẹ̀ bá da ajílẹ̀ sórí ilẹ̀ láìbò ó, tí òjò ńlá sì rọ̀ lọ́jọ́ kejì, omi a gbá apá kan lọ. Kì í ṣe ajílẹ̀ nìkan ni ó ń gbá. Ó ń gbá ìgbẹ́ ẹran tó wà ní àgbàlá. Ó ń gbá ohun tó jò láti inú ṣáláńgá. Ó ń gbá omi ọṣẹ ìfọṣọ, omi ẹ̀gẹ́ tí a fún, àti pàǹtírí ibi tí a ti ń fún epo pupa. Gbogbo rẹ̀ a ṣàn lọ sí ilẹ̀ tó rì, a sì dúró níbẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn àgbà sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí rí. Òjò kò ní ṣàì gbá ohun tó bá bá nílẹ̀. Ẹni tó ni oko, ẹni tó ni agbo ẹran àti ẹni tó ni ṣáláńgá ni ó lè dí i lọ́nà.

Ohun tí májèlé náà ń ṣe nínú ara

Kì í ṣe gbogbo oríṣi sìyánóbàkítéríà ni ó ní májèlé. Ṣùgbọ́n kò sí ojú ènìyàn tó lè ya èyí tó ní i sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ní i. Àyẹ̀wò nìkan ló lè fi í hàn. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n a ka gbogbo omi tó bá dà bí ọ̀dà sí omi olóró.

Májèlé tí a mọ̀ jù lọ nínú wọn ni máíkírósísítìn. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà. Òmíràn ń ba kíndìnrín jẹ́ pẹ̀lú ẹ̀dọ̀. Òmíràn tún wà tó ń mú iṣan ara kú, débi pé ẹran tó mu ún kò ní lè mí mọ́. Ẹni tí omi náà kàn lára lásán lè ní ara yíyún, ojú pípọ́n tàbí ètè wíwú. Ẹni tó gbé e mì lè bì, kí inú rẹ̀ máa run ún, kí ó máa ya ìgbẹ́ gbuuru, kí ó sì ní ẹ̀fọ́rí àti ibà.

Ọmọdé ni ewu náà sún mọ́ jù. Ara rẹ̀ kéré, nítorí náà ìwọ̀n májèlé tí àgbàlagbà lè fara dà lè pọ̀ jù fún un. Bí ó bá sì ń wẹ̀ tàbí tí ó ń ṣeré nínú omi, ó ń gbé omi mì láìmọ̀.

Ìwọ̀n tó lè ṣe ibi kò pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé omi tí ènìyàn ń mu lójoojúmọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ju máíkírógíráàmù 1 máíkírósísítìn lọ nínú lítà kan. Bí a bá pín gíráàmù kan ṣoṣo sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni máíkírógíráàmù kan. Kò sí ahọ́n tó lè tọ́ ọ wò, kò sì sí imú tó lè gbóòórùn rẹ̀.

Omi fúnra rẹ̀ náà ń jìyà. Lọ́sàn-án, ẹ̀dá yìí ń tú ọ́síjìn jáde. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, òun náà a bẹ̀rẹ̀ sí í mí ọ́síjìn tó wà nínú omi. Bí ó bá kú tí ó sì ń rà, rírà rẹ̀ tún ń jẹ ìyókù. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń sin ẹja fi lè jí ní ìdájí kí ó bá ẹja rẹ̀ tó ń yánu lójú omi, tàbí kí ó bá wọn ní òkú. Ní ọ̀sán àná, kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní ọdún 1878, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Francis kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ nípa adágún Alexandrina ní Ọsirélíà. Ó ṣàlàyé bí ohun aláwọ̀ ewé kan ṣe bo omi náà, àti bí àgùntàn, ẹṣin, ajá àti ẹlẹ́dẹ̀ tó mu níbẹ̀ ṣe kú.

Ní oṣù kejì ọdún 1996, ewu náà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn lọ́nà tó burú jáì. Ìlú Caruaru, ní Bràsíìlì, ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ náà ń lo omi púpọ̀. Omi tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá ní àkókò náà wá láti inú adágún tí sìyánóbàkítéríà wà nínú rẹ̀, wọn kò sì sẹ́ ẹ bí ó ti yẹ. Ènìyàn 116 ṣàìsàn. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn 100 nínú wọn dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn 76 kú, àwọn olùwádìí sì rí i dájú pé májèlé yìí ni ó pa 52 nínú wọn.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú, ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọdún 2020. Ní Botswana, nítòsí ẹkùn omi Okavango, nǹkan bí 330 erin kú láàárín oṣù díẹ̀. A kò gé eyín wọn, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ ọdẹ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba Botswana kéde pé májèlé sìyánóbàkítéríà nínú ọ̀gọ̀dọ̀ tí wọ́n ti ń mu ni ó fa ikú wọn. Bí ó bá lè dá erin wó, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wò ó.

Ìdí tí sísè kò fi tó

Ọ̀nà tó rọrùn wà láti fi yé ènìyàn. Kí a bu iyọ̀ sínú ìkòkò omi, kí a sì gbé e kaná. Bí omi náà bá hó títí, ṣé iyọ̀ yóò kúrò? Kò ní kúrò. Omi ni yóò máa gbẹ, iyọ̀ yóò sì túbọ̀ pọ̀ nínú èyí tó kù. Bí májèlé yìí ti rí nìyẹn. Kòkòrò àrùn jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí, iná sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Májèlé kò ní ẹ̀mí tí iná yóò gbà.

Ohun kan tún wà tó burú ju èyí lọ. Nígbà tí ẹ̀dá náà ṣì wà láàyè, ọ̀pọ̀ májèlé rẹ̀ wà nínú ara rẹ̀, bí epo ti ń wà nínú kóró. Bí omi bá hó, ara rẹ̀ a bẹ́, gbogbo májèlé náà a sì dà sínú omi. Ẹni tó se omi náà rò pé òun ti wẹ̀ ẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ohun tó wà nínú àpò sílẹ̀ ni.

Nítorí èyí ni àwọn aláṣẹ ìlú Toledo, ní Amẹ́ríkà, ṣe kìlọ̀ fún ará ìlú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 2014. Wọ́n rí máíkírósísítìn nínú omi ẹ̀rọ tó ń wá láti adágún Erie. Wọ́n sọ fún ènìyàn tó lé ní 400,000 pé kí wọ́n má mu omi náà, kí wọ́n má sì sè é. Ó di ọjọ́ kẹrin oṣù náà kí wọ́n tó gbà wọ́n láàyè láti tún un mu. Ìlú ọlọ́rọ̀ ni Toledo, ó ní ẹ̀rọ ńlá tó ń tún omi ṣe, síbẹ̀ omi inú ìgò ni àwọn ará ibẹ̀ ń tò fún.

Oògùn tí a ń dà sí omi náà kò tó. Ní erékùṣù Palm, ní Ọsirélíà, ní ọdún 1979, wọ́n da oògùn sínú adágún tí àwọn ará ibẹ̀ ń mu, kí ó lè pa ohun aláwọ̀ ewé tó bò ó. Ó pa á lóòótọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọmọdé 138 àti àgbàlagbà 10 ṣàìsàn ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Bí ẹ̀dá náà ti ń kú ni ó ń tú májèlé rẹ̀ sínú omi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi tòrò. Ó lè mú ìdọ̀tí rọlẹ̀, kí omi sì mọ́ gaara lójú, ṣùgbọ́n kò lè mú májèlé tó ti yòrò sínú omi. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi kò lè dá a dúró. Omi jafẹ́lì díẹ̀ tí a kán sínú garawa kò ṣe é gbára lé fún un. Omi tó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú.

Àlàyé kan pọn dandan níbí. Kì í ṣe pé kí ènìyàn dẹ́kun omi sísè. Omi kànga àti omi òjò tí a kò dá lójú ṣì yẹ ní sísè, nítorí kòkòrò onígbáméjì àti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n sísè kò wúlò fún omi aláwọ̀ ewé. Ti omi náà, fífi í sílẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Ó sún mọ́ ilé ju bí a ti rò lọ

Caruaru jìnnà, Toledo jìnnà. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ti rí irú omi bẹ́ẹ̀ nítòsí. Ní Senegal, wọ́n ti kọ̀wé nípa sìyánóbàkítéríà nínú adágún Guiers, tí ìlú Dakar ti ń rí omi mu. Ní Burkina Faso àti Côte d'Ivoire, wọ́n ti yẹ àwọn adágún kéékèèké tí àgbẹ̀ àti darandaran ń lò wò, wọ́n sì bá a níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń yọ lórí ọ̀sà Èkó.

Ní Benin fúnra rẹ̀, ọ̀sà Nokoué ti di ibi tí oúnjẹ ti pọ̀ jù fún omi. Daouda Mama, onímọ̀ nípa omi, fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìwé ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 2010. Ní àríwá, àwọn olùwádìí ti sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nípa adágún Okpara, tí a ti ń fa omi fún ìlú Parakou. Adágún tó bá ti yó báyìí ni ilé tí sìyánóbàkítéríà ń fẹ́.

Omi kò sì mọ ààlà. Ẹni tó bá ti Àjàṣẹ́ wá sí Igolo lè rí i pé ibodè ni a ti ń béèrè ìwé lọ́wọ́ arìnrìn-àjò kí ó tó kọjá sí Ìdí-Ìrókò. Kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ̀sà. Láti Nokoué dé Àjàṣẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Èkó, omi náà so kọ́ra.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé: ṣé a kì í jẹ nínú ẹ̀dá yìí ni? Òtítọ́ ni. Ní etí adágún Chad, àwọn obìnrin Kanembu ń kó oríṣi kan tó ń jẹ́ spirulina, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n sì ń fi í se ọbẹ̀. Dihé ni wọ́n ń pè é. Ní Benin, a ti ń sin spirulina ní Pahou láti fi bọ́ àwọn ọmọ tí oúnjẹ kò tó lára wọn. Ṣùgbọ́n oríṣi tí a mọ̀, tí a sin nínú omi tí a ń ṣọ́, ni èyí. Olú tó ń hù nínú igbó kì í ṣe jíjẹ gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ohun aláwọ̀ ewé inú ọ̀gọ̀dọ̀.

Bí a ṣe lè dá a mọ̀

Kò sí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ní abúlé, ṣùgbọ́n ojú àti ọ̀pá lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Àkọ́kọ́ ni àwọ̀. Omi náà lè dà bí ọ̀dà tàbí bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ó lè ní ìlà àwọ̀ ewé ní etí rẹ̀. Bí ó bá ń kú, ó lè di àwọ̀ omi aró, kí ó sì máa rùn.

Èkejì ni ọ̀pá. Kí a ti ọ̀pá gígùn bọ inú ohun tó léfòó náà, kí a sì fà á sókè. Bí ó bá lọ́ mọ́ ọ̀pá bí irun tàbí bí òwú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ewéko omi lásán. Bí ọ̀pá bá jáde bí ẹni pé a tì í bọ inú ọ̀dà, ó yẹ kí ìfura wà.

Ẹ̀kẹta ni ìgò. Kí a fi ọ̀rá wé ọwọ́, kí a bu omi náà sínú ìgò tí ojú ń rí inú rẹ̀, kí a dé e, kí a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìmì í. Bí àwọ̀ ewé bá kóra jọ sókè, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ sìyánóbàkítéríà. Bí ó bá rọlẹ̀, ó lè jẹ́ ohun mìíràn. Kí a má fi ìgò náà mu omi mọ́ láé, kí ọwọ́ ọmọdé má sì kàn án.

Àwọn àmì wọ̀nyí ń kìlọ̀ fún ènìyàn ni. Wọn kò lè fi hàn pé omi kan dára. Bí iyèméjì bá wà, kí a fi omi náà sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ilé àti ìlú ṣe

Omi abẹ́ ilẹ̀ ni ààbò tó dára jù lọ. Ẹ̀dá yìí ń fẹ́ oòrùn, oòrùn kì í sì í dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Ìdí nìyí tí omi ẹ̀rọ tí a gbẹ́ jìn, tàbí kànga tí a dé lórí, fi dára ju ọ̀gọ̀dọ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́, kí àwọn ará àdúgbò má fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Kí wọ́n sọ fún olórí àdúgbò, kí ó sì dé ilé iṣẹ́ méérì. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ fi dákẹ́ ni ọjọ́ tí àwọn ènìyàn fi ń padà sí ọ̀gọ̀dọ̀.

Bí ojú omi kan bá ti yí padà, kí a má mu ún, kí a má fi í sebẹ̀, kí a má fi í fọ abọ́, kí a má sì wẹ̀ nínú rẹ̀. Kí a lé ewúrẹ́, àgùntàn àti ajá kúrò níbẹ̀. Ẹja tó kú sínú rẹ̀ kì í ṣe ohun jíjẹ, kì í sì í ṣe ohun títà. Bí a bá pa ẹja láàyè nínú omi tó ti ní àwọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, kí a yọ ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dànù, nítorí ibẹ̀ ni májèlé ń pọ̀ sí, kí a sì fi omi mímọ́ fọ ẹran rẹ̀ dáadáa.

Bí omi náà bá kan ara, kí a yára fi omi mímọ́ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Bí ọmọdé bá gbé e mì tí ó sì ń bì, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Kí a sì sọ fún oníṣègùn pé ó mu omi aláwọ̀ ewé. Bí a kò bá sọ ọ́, oníṣègùn lè rò pé ibà lásán ni.

Ti oúnjẹ tó ń bọ́ ẹ̀dá náà, ọwọ́ àgbẹ̀ ni ó wà. Kí àgbẹ̀ gbẹ́ ihò kékeré sẹ́bàá àgbàdo, kí ó fi ajílẹ̀ sí i, kí ó sì bò ó. Kí ó má dà á nígbà tí òjò ńlá ti ṣú. Kí ó fi koríko àti igi sílẹ̀ ní etí omi, kí wọ́n lè gba ohun tí àgbàrá ń gbé bọ̀. Kí a má so ẹran mọ́ etí omi. Kí a má gbẹ́ ṣáláńgá sí apá òkè kànga tàbí odò. Kí a má fọ aṣọ sínú omi tó dúró. Ajílẹ̀ tí a bò mọ́lẹ̀ ń ran àpò onílé náà lọ́wọ́, nítorí owó ni àgbàrá ń gbé lọ.

Yorùbá sọ pé omi kò ní ọ̀tá. Ẹni gbogbo ni ó ń mu ún, ẹni gbogbo ni ó ń wẹ̀ ẹ́. Omi kò ṣe ibi sí ẹnikẹ́ni ní Caruaru, kò sì ṣe ibi sí erin Okavango. Ohun tí a jẹ́ kí ó wọ inú rẹ̀ ni ó ṣe é. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé sí Ifangni, tí ojú ọ̀gọ̀dọ̀ bá tún dà bí ọ̀dà, ìyá tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yóò mọ̀ pé ìkòkò àti iná kò lè gba òun. Yóò gbé garawa rẹ̀, yóò sì yí padà lọ sí ibi tí ẹ̀rọ omi wà, bí ó tilẹ̀ jìnnà.